Páìpù Tó Dáhùn

Fèyísọ́lá fi sípánà kan páìpù náà lẹ́ẹ̀mẹta, páìpù sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ọ̀sán gangan ni, nílé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Olúyọ̀lé, kò sì sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo kàyéfì. Nínú irin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tí wọ́n dè mọ́ páìpù láàárọ̀, kò sí ohun kan tó lè mira.

Ohun tó fi ń yangàn gan-an nìyẹn. Sítíìmù, ooru omi gbígbóná, ni bọ́ílà tó ń se omi ń tì gba inú páìpù lọ sídìí ìkòkò tí ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan, Àpínkẹ́, ti ń ro ọṣẹ. Tíráàpù, irú irin yẹn, ló ń yọ omi kúrò lọ́nà rẹ̀. Ti àtijọ́ ní ọmọrí kan nínú tó ń ṣí, tó ń padé, kọ̀, kọ̀, kọ̀, tọ̀sán tòru. Irú ọmọrí bẹ́ẹ̀ ló há lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀, Adégbọlá, tó ń tọ́jú bọ́ílà níbí, lọ tú u. Omi gbígbóná ló pa bàbá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Fèyísọ́lá fi ọ̀pọ̀ ọdún wá èyí tí kò ní ohunkóhun tó lè há: irin lásán, ihò tín-ń-rín kan láàárín, tí omi ń gbà jáde, tí sítíìmù kò ní ráyè gbà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí ìkòkò ọṣẹ kan bá bàjẹ́ lónìí, kó kó irin rẹ̀ máa lọ.

"Ó dákẹ́ jù," ni Jóṣúà, tó rọ́pò bàbá rẹ̀ nídìí bọ́ílà, sọ láàárọ̀. "Bàbá yín ló kọ́ wa, Ẹnjiníà. Bí a bá wọlé, a ó kan páìpù, a ó kí i. Bó bá dáhùn, ara rẹ̀ le nìyẹn."

"Èyí kì í dáhùn, Bọ̀dá Jóṣúà. Kò lẹ́nu."

Ọkàn Jóṣúà ò balẹ̀.

Páìpù wá dáhùn báyìí. Kíkàn méjì léra wọn, ìkẹta pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bí bàbá ṣe máa ń kan ìlẹ̀kùn wọn ní Àpẹtẹ̀ nìyẹn, ta ló fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní béèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. Fèyísọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún kàn án.

Páìpù dá a lóhùn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá mi," ló wí jẹ́jẹ́.

Ó tún ti gbé sípánà sókè kí orí rẹ̀ tó pé. Bí kò bá sí ohun tó lè mira nínú irin yẹn, kí ló wá ń kan páìpù? Omi ni. Omi ti kún inú rẹ̀, sítíìmù ń gbá a mọ́ irin. Bó bá pẹ́ sí i, páìpù á bẹ́.

Ó sáré lọ ti sítíìmù pa. Ìkòkò ọṣẹ bàjẹ́ nìyẹn, ó mọ̀. Kíkàn náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́.

Jóṣúà dé, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ má bínú. Mo kan irin yín, kò dáhùn. Mo ṣebí ó ti kú ni, ni mo bá ti fáàfù, ẹnu ọ̀nà omi tó wà níwájú rẹ̀, kó má baà máa da sítíìmù nù."

Ìyẹn ló dínà omi, ṣùgbọ́n Fèyísọ́lá ò ríbi bínú sí i. Àpínkẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìkòkò, igi ìrọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kàn án, mà. Mo rò pé èmi lẹ̀ ń pè. Mo tilẹ̀ gbé orí sún mọ́ páìpù kí n lè gbọ́ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta lẹ̀ ń pè?"

Ọ̀kan nínú etí ọmọbìnrin náà pọ́n níbi tí ooru ti jó o. Fèyísọ́lá wò ó. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń kan páìpù, kò rántí rárá pé ẹnìkan wà ní òpin rẹ̀.