Símẹ́ńtì Lára Ògiri Amọ̀

Jẹ̀mílátù fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ti ògiri, ó fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́. Símẹ́ńtì já bọ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Amọ̀ a máa mí. Ẹ fi símẹ́ńtì dí i lẹ́nu, omi tó ń fà láti ilẹ̀ ò rọ́nà jáde mọ́."

Bàrúwà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí wọ́n rẹ́ ògiri náà lọ́dún tó kọjá, kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá-ńlá wọn ní Ìlaròó lè dà bí tuntun. Àtìgbà náà ni ògiri ti ń wú. Ẹbí ti fẹnu kò: bí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo ilé àtijọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bá lè gun òkè, ilé dúró, bí wọn ò bá lè gùn ún, katakata á wó o, Bàrúwà á sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

"Ìwọ tí o ò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ẹnì kankan," Bàrúwà ní, "orí ta lo fẹ́ wó o lé?"

"Bíríkìlà tẹ́ ẹ gbà kúkú kọ́ṣẹ́."

Ó tún kan òòlù. Ògiri dún gàù! Ó yọ ikùn síta, eruku sì ń dà láti àjà.

"Jẹ̀mí, sá jáde!"

Kò sá. Ó fẹ̀yìn ti igi tó gbé àjà ró. "Ẹ gbé òpó ìrókò tó wà nílẹ̀ yẹn wá!"

Bàrúwà wo òpó, kò mira. Bí ògiri bá wó báyìí, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Yàrá tá a sin Bàbá sí ló ń wó lé!"

Ni Bàrúwà bá ki òpó mọ́lẹ̀, ó sáré gbé e wá. Jẹ̀mílátù ki pákó sábẹ́ rẹ̀, ó ń gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀ títí òpó fi gba ẹrù àjà. Ariwo dákẹ́. Àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Wọ́n bó símẹ́ńtì tó kù lára ògiri náà, wọ́n gé amọ̀ tó ti rà kúrò, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ gbígbẹ dí àyè rẹ̀, wọ́n sì fi erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán tí wọ́n fẹsẹ̀ pò mọ́ koríko rẹ́ ẹ.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, gbogbo wọn ló gòkè. Obìnrin kan tiẹ̀ ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ òkè. Jẹ̀mílátù tẹ́tí sí ògiri nísàlẹ̀. Kò dún. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní àwọn á tún kó ẹlòmíì wá.

Bàrúwà pe oníkatakata. "Má wulẹ̀ wá mọ́." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Jẹ̀mí, ìgbà wo la máa bó símẹ́ńtì ti ẹ̀yìnkùlé?"