Wọ́n Dárí Owó Orí Jì Mí

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lójú pópó tó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ má sá, èmi ni. Ṣọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ̀wé sára pátákó. A ó po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi, a ó dà á sínú mọ́ọ̀dù tó ń sọ ọ́ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, a ó tú u sórí tíréè, a ó wá sá a sóòrùn. Oòrùn yìí gan-an ni ìṣòro wa. Nígbà òjò kì í yọjú, ṣọ́ọ̀kì tí kò bá sì gbẹ dénú, ṣe ni yóò máa fọ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, tí òjò bá ti dé, a máa ń kó tíréè wọnú ilé. Inú ilé wo? Yàrá ìyàwó mi.

Kì í ṣe pálọ̀ o. Àga ńláńlá wà ní pálọ̀ mi, mo fi ọ̀rá bò wọ́n kí eruku má bà wọ́n, torí pé èèyàn pàtàkì lè yà. Ká sòótọ́, èèyàn pàtàkì kankan ò tíì yà, ṣùgbọ́n mo ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Ìyàwó mi ń sùn láàárín tíréè, ó ń wúkọ́, irọ̀rí rẹ̀ ń funfun. Èmi ń sùn ní pálọ̀, mò ń ṣọ́ àga.

Lọ́dún yìí, ó pè mí jókòó.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Tí òjò bá dé, tí ṣọ́ọ̀kì tún wọ yàrá mi, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ẹ ò ní bá mi níbí mọ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo fẹ́ ra ẹ̀rọ oníná tó ń mú ṣọ́ọ̀kì gbẹ. Owó ẹ̀rọ náà ò sí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má ṣèlérí.

Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, ìjọba pe àwa oníléeṣẹ́ sí ìpàdé. Bàbá Fóòmù, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fóòmù, jókòó níwájú nínú aṣọ tó ń dán. Mo sáré lọ jókòó tì í, bóyá díẹ̀ nínú ọlá rẹ̀ á ta sí mi lára. Akọ̀wé ìjọba dìde, ó là á yé wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ọ̀nà méjì la fẹ́ fi ràn yín lọ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo sì ni kálukú máa mú. Èkíní ni owó ìrànwọ́. Ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ, àwa á bá yín san ìdajì owó ẹ̀, ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o. Èkejì ni ìdáríjì owó orí. Ìyẹn, a ò ní fún yín ní kọ́bọ̀ o, àmọ́ èrè tí ẹ bá jẹ, a ò ní gba owó orí lórí ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Tiyín ni gbogbo ẹ̀."

Ó ní kí àwọn tó fẹ́ owó ìrànwọ́ nawọ́. Ìyá Àbẹ́là, tó ń ṣe àbẹ́là ní òdìkejì ọ̀nà wa, na tirẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ tèmi náà ti ń gòkè bọ̀ nígbà tí Bàbá Fóòmù sọ sí mi létí pé, "Owó ìrànwọ́ kẹ̀? Tèmi kọ́ nìyẹn. Ìdáríjì ni tèmi." Ọwọ́ tó ń gòkè yí padà, ó di pé mò ń họ etí. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ ìdáríjì, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo tiẹ̀ dìde dúró kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Àwọn èèyàn yíjú wò mí, wọ́n rò pé mò ń jèrè. Ó dùn mọ́ mi débi pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Mo gẹ fìlà wọlé. "Ìyá àwọn ọmọ, ìjọba ní kí n má san owó orí lórí èrè mi mọ́!"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èrè wo?"

"Èrè iléeṣẹ́."

"Ẹ jèrè lọ́dún tó kọjá?"

"Rárá."

"Èyí tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé òjò pọ̀ lọ́dún yẹn."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ padà. "Onígbàjámọ̀ ní kí apárí má sanwó mọ́, apárí ń jó wálé. Ẹ̀rọ ńkọ́?"

Mo ní a ó ṣì máa wò ó.

Òjò ò dúró wò ó. Ó dé, tíréè wọ yàrá, ìyàwó mi sì di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń já ẹ̀rọ tuntun fún Ìyá Àbẹ́là. Mo sáré tọ akọ̀wé lọ pé mo fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ tí mo nà. Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. "Àmọ́ tí ẹ bá ti jèrè, sà, ẹ tètè wá o, ká lè dárí owó orí ẹ̀ jì yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo padà sílé, mo wọ yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Eruku bù sókè, mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Àárò rẹ̀ sọ mí gan-an. Mo dìde, mo ṣí ọ̀rá kúrò lórí àga pálọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó tíréè síbẹ̀, lórí àga, lórí tábìlì, nílẹ̀. Àṣé yàrá ò jìnnà sí pálọ̀ rárá. Mo ránṣẹ́ sí i pé yàrá rẹ̀ ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì ni èèyàn pàtàkì yà. Bàbá Fóòmù dúró láàárín pálọ̀, ó ń wá ibi jókòó. Mo da ojú korobá kan délẹ̀ fún un.

"Ṣé bí ọjà ṣe pọ̀ tó nìyí?" ó ní. "Mo mọ̀! Èmi yan ìdáríjì torí pé owó orí tí mò ń san lọ́dọọdún ju owó ẹ̀rọ lọ. Mo wá ní, bí ọkùnrin yìí bá lè ta owó ìrànwọ́ nù bíi tèmi, á jẹ́ pé èrè ṣọ́ọ̀kì kọjá sísọ. Mo ti bá ọmọ mi sọ ọ́. Àwa náà fẹ́ dá iléeṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀."

Bí Bàbá Fóòmù bá da owó sínú ṣọ́ọ̀kì, a ò ní gbúròó mi mọ́. Irọ́ pọ̀ lẹ́nu mi tí mo lè fi dá a dúró: ìyẹ̀fun ti wọ́n, àwọn olùkọ́ ò kọ̀wé mọ́. Mo gbójú sókè láti yan ọ̀kan, mo sì rí ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n," mo dá Bàbá Fóòmù lóhùn, "mi ò jèrè. Mi ò jèrè rí. Ẹ̀yin ni mo wò tí mo fi nawọ́."

Bàbá Fóòmù wo tíréè, ó wò mí. "Kí wá ni wọ́n dárí ẹ̀ jì ọ́?"

"Ẹ bi ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ apárí kan wà tó mọ̀ ọ́n sọ."

Bàbá Fóòmù rẹ́rìn-ín títí korobá fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde nílẹ̀, aṣọ tó ń dán náà ti funfun bíi tèmi.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lára wa, ó wọ yàrá, mo tẹ̀ lé e. Ó fi ìka kan irọ̀rí rẹ̀, ó na ìka náà sí mi. Ó funfun.

"Ẹ ní ẹ ti kó o kúrò."

"Mo kó o kúrò. Mi ò tíì nu ibẹ̀ ni."

Ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e wọlé, ó jókòó lé e.

"Ẹ nù ún kí n máa wò yín."

Mo mú àkísà, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.