Ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ ní Igun Kọ́là

Aránṣọ kan wà tó ti ń rán aṣọ ọkùnrin láti ogójì ọdún, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì bí. Ìbéèrè ló máa ń pe ọmọ náà, torí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ni kò ti jẹ́ kí ẹnu bàbá rẹ̀ sinmi. Ìbéèrè dàgbà, ó di ẹni tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà jẹun, ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lẹ máa bá a, nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń gé aṣọ, láàárín ooru áyọ́ọ̀nù àti èérún ṣọ́ọ̀kì.

Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí bébà àpẹẹrẹ tó fi ń gé aṣọ wá di ìnira fún un láti yà, Ìbéèrè bá a ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Bàbá á ka ìwọ̀n oníbàárà sí kọ̀ǹpútà létí, ètò náà á ya ọrùn, apá àti àpò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà gbọọrọ ni ibi tí àlùmọ́gàjí máa gbà. Ìlà kélekèle, tó ń já tó tún ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́, ni ibi tí wọ́n máa rán. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń fa ìlà o. Àkójọ kóòdù kan ló lò, èyí tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ kọ fún àwòrán yíyà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó lò ó. Ẹni tó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó tún un ṣe, kó fi ránṣẹ́.

"Ó dáa gan-an," ni bàbá wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń wí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Ìbéèrè tètè dé ju bó ṣe máa ń dé lọ. Ó bá bàbá tó tẹ̀ mọ́ tábìlì, jígí lójú, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, tó ń fa nǹkan sára bébà kọ̀ọ̀kan. Ó sún mọ́ ọn. Ibi tó yẹ kí ìlà kélekèle ti ṣẹ́rí, bíi ṣónṣó kọ́là àti ìdí àpò, àlàfo ló bọ́ síbẹ̀. Igun ò sí. Bàbá ló ń fọwọ́ ya àwọn igun náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe èyí?"

Obìnrin tó máa ń bá bàbá rán aṣọ ló dá a lóhùn láti ìdí máṣíìnì. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kọ́là tí mo kọ́kọ́ rán, ṣónṣó rẹ̀ rí roboto bí ẹnu ṣíbí. Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ."

Bàbá ń wolẹ̀. "Iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kò pé?"

Ìbéèrè rẹ́rìn-ín. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ bàbá, ó fa igun tó kù, wọ́n sì jọ mu tíì gbígbóná.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣí àkójọ kóòdù náà wò. Ó rí i pé ńṣe ni kóòdù yẹn kàn ń ka ẹsẹ̀ kan, àlàfo kan, ẹsẹ̀ kan, àlàfo kan, títí ìlà á fi parí. Igun ò kàn án. Ìbéèrè kọ ohun tuntun kún un, pé dandan ni kí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí gbogbo igun, ó sì fi ránṣẹ́ sí alábòójútó iṣẹ́ náà, àgbà kan tí gbogbo wọn mọ̀ sí Ìgbín, torí kì í kánjú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Ìgbín tó fèsì.

"Ẹ kú iṣẹ́. Igun ti hàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín ìlà: gbogbo ẹsẹ̀ gùn dọ́gba, àfi ọ̀kan tó kúrú bí eyín tó kán. A ò lè gbà á báyìí. Tí ìlà bá sì kúrú jù ńkọ́?"

Ó dun Ìbéèrè. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, eyín kíkán yẹn kàn ń sá láti ibì kan dé ibòmíì ni. Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé e lọ bá ẹni tó ń gbé e lọ bá láti kékeré.

"Bàbá, tí ẹ bá ń fọwọ́ rán aṣọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí abẹ́rẹ́ yín fi máa ń dé igun gẹ́lẹ́?"

Bàbá fa àjákù aṣọ kan wá, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán. "Mo ti máa ń wo igun kejì kí n tó kúrò ní ti àkọ́kọ́. Màá fi ààbọ̀ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, màá fi ààbọ̀ parí, kí àwọn méjèèjì lè pàdé nígun. Màá wá ṣírò iye ẹsẹ̀ tó máa wà láàárín. Tí ó bá ku díẹ̀ kó dọ́gba, n kì í di gbogbo ìyà ru ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló máa pín in, díẹ̀díẹ̀, ojú ò ní rí i."

"Tí ẹ̀gbẹ́ náà bá kúrú jù ńkọ́?"

"Ṣé ó wá yẹ ká máa kà á? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó tán."

Ìbéèrè jókòó síbẹ̀ gan-an, ó fi kọ̀ǹpútà lé orí àjákù aṣọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ méjì péré ni Ìgbín lò.

"Ta ló kọ́ yín ní pípín yìí?"

"Bàbá mi ni. Aránṣọ ni wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo àwọn àwòrán ìdánwò wa, tí a fi ń yẹ kóòdù wò."

Mẹ́rìnlélógún ni àwọn àwòrán náà. Ìbéèrè tẹ̀ wọ́n jáde ní ńlá ńlá. Bàbá tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí oníbàárà kankan má dààmú òun. Ó ń fi èékánná tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìkẹtàdínlógún, tó jẹ́ ìràwọ̀, ó dúró.

"Èyí ti rán ojú kan lẹ́ẹ̀mejì."

Lóòótọ́ ni. Ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ náà ló parí sí, ẹsẹ̀ méjì sì gun ara wọn níbẹ̀. Ìbéèrè ò rí i, Ìgbín náà ò rí i. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àgbà ló wọ kèrègbè lọ́jọ́ náà.

Ó tún un ṣe. Ìgbín gbà á wọlé, ó sì kọ̀wé pé kí àwọn méjèèjì fi orúkọ sínú ìwé àwọn tó ṣiṣẹ́ náà.

"Kí ni kí n kọ fún yín, Bàbá?"

"Kọ tìẹ nìkan. Ṣebí èmi náà ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Ìbéèrè ò gbà. Ó kọ tirẹ̀, ó wá kọ "àti bàbá rẹ̀, aránṣọ" sí ìsàlẹ̀. Bàbá ní kó tẹ ojú ìwé náà jáde. Ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fún obìnrin tó ń bá a rán aṣọ náà kà, ó gbà á padà, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló bọ́ jígí.

"Ìgbín yẹn," ló wí, "ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ihò bọ́tìnnì? Torí èyí tó ń jáde lórí bébà wa ò dáa rárá. Mo kàn ń pa á mọ́ra ni."

"Kí ló tún ṣe é?"

"Fa àga sún mọ́bí."