Agbè Radosav Kì í Rùn

Ní abúlé orí òkè yẹn, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé agbè Radosav kì í rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ogójì ọdún ló fi sọ ọ́, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, àní lọ́jọ́ tí eyín ń ro ó. Agbè onígi ni, ó rí pẹlẹbẹ, awọ ni wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù títí di ìrọ̀lẹ́.

"Igi tó bá dáa ò nílò fífọ̀," Radosav á wí. "Ara rẹ̀ ló ń fọ̀."

Desanka ìyàwó rẹ̀ á wà níbẹ̀, á máa bó ọ̀dùnkún lọ.

Desanka kú nínú oṣù kẹta. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, agbè ti ń rùn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tó ń ṣíwájú nígbà tí wọ́n bá ń gé koríko tí màlúù máa jẹ nígbà òtútù, òun ló ń gbé omi, omi rẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń mu. Ọgbọ̀n ọdún ni Radosav ti ń ṣíwájú. Ipò kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn, nítorí kò lówó, kò bímọ, ohùn rẹ̀ ò sì dùn débi tí wọ́n á fi pè é kó wá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gé koríko lọ́dún náà, Obren, tí Radosav fi ogún ọdún jù lọ, gba agbè, ó mu ẹnu kan, ó sì tu ú sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ló kú síbẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló burú jù. Wọ́n kàn bọ́ sídìí ike omi Obren, wọ́n ń mu ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó di ọjọ́ Pétérù Mímọ́, tí gbogbo abúlé máa gé pápá ńlá. Tí wọn ò bá mu omi Radosav lọ́jọ́ yẹn, Obren ló máa ṣíwájú, Radosav á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà.

Ó fìbínú gbé agbè lọ bá Tihomir, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ẹ.

"Igi tí o tà fún mi ti bàjẹ́."

"Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́. Kì í fẹ́ fífọ̀."

Tihomir gbé ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́gi sílẹ̀. "Radosav, ta lo rò pé ó ń wá gba èdídí ẹnu rẹ̀ tuntun lọ́dọ̀ mi lọ́dọọdún? Desanka ni. Gbogbo Sátidé tí o bá ti lọ síbi eré káàdì ló ń fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná, eérú, òkúta wẹ́wẹ́, ewé èsìsì. Á mì í títí apá á fi máa ro ó."

Radosav wá ibi jókòó. "Mo ṣe bí igi ni," ló wí.

Bí ọkùnrin tí kò fọ ife rí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ agbè nìyẹn, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Omi bó o lọ́wọ́. Èsìsì jó o. Òkúta mẹ́rìnlá ló kó sínú rẹ̀, mọ́kànlá ló jáde, ó sì fi ọjọ́ kan gbáko wá mẹ́ta tó kù. Nígbà tí omi rẹ̀ wá mọ́ tónítóní, inú Radosav dùn, ó gbé agbè sórí òrùlé kó lè gbẹ nínú oòrùn. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, agbè ti là gbọọrọ láti ọrùn dé ìdí.

"Rì í sódò fún ọjọ́ mẹ́ta," Tihomir wí. "Igi á wú, á fúnra rẹ̀ pa ojú ibi tó là dé. Lẹ́yìn náà, abẹ́ òjìji ni kó o so ó kọ́ sí, kó dorí kodò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́."

"Níbo ni Desanka máa ń so ó kọ́ sí?"

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ."

Nígbà tó gbé agbè kúrò lódò, Radosav rí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ òrùlé, ògiri abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú lójú kan ṣoṣo, níbi tí omi ti ń kán sí láti ogójì ọdún. Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé màlúù. Ó dúró níbẹ̀, ó sunkún. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, torí ọjọ́ yẹn àwọn èèyàn ń wò ó.

Lọ́jọ́ Pétérù Mímọ́, Obren ló kọ́kọ́ gba agbè. Ó gbóòórùn ẹnu agbè, ó mu díẹ̀, ó tún mu sí i, ó wá gbé e fún ẹni tó kàn. Gbogbo wọn mu. Ike Obren wà nínú koríko, ẹnikẹ́ni ò wo ibẹ̀.

"Omi yìí tutù, Bàbá," Obren wí. "Ẹ máa ṣíwájú lọ."

Radosav lè dákẹ́. Dídákẹ́ ò ní ná an ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó gbé dòjé gígùn tó fi ń gé koríko sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo ń pa fún yín láti ọjọ́ yìí," ló wí. "Desanka ló ń fọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀."

Ó ń retí kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Obren fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá. Màmá fúnra wọn ló bẹ̀ wá pé ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ó máa ń dùn mọ́ yín nínú láti máa sọ ọ́."