Omi Yilarra

"Dìde níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí n rí ẹ dáadáa," ni Ìyá Dulcie wí.

Elroy dìde lórí garawa tí ó fi ṣe ìjókòó, ó ṣí fìlà. Ìyá arúgbó náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ju orí lọ. Àwọn ajá tí wọ́n sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbórí sókè, wọ́n kùn, wọ́n tún sùn padà.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ni," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, Lindsay, tí ó ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò nínú àgbàlá. "Wo ọmọńdinrín ẹsẹ̀ tó ya síta yẹn. Ìyá mi júwe ẹ̀ fún mi títí ó fi kú. Ẹsẹ̀ Atọpasẹ̀ ló dúró síwájú mi yìí."

Ní Warnku, abúlé wọn nínú aṣálẹ̀, a kì í pe orúkọ òkú. Iṣẹ́ tí bàbá ìyá Elroy ṣe láyé ni wọ́n fi ń pè é: òun ni ó máa ń ka ipa ẹsẹ̀ ènìyàn lórí yanrìn fún àwọn ọlọ́pàá òyìnbó láyé ìgbà ẹṣin.

"Kí lo wá wá?"

"Ìyá, màmá mi ṣaláìsí. Kó tó kú ló tó sọ fún mi pé Yilarra ni ìyá tó bí òun ti wá. Ó ní kí n lọ. Ó ní bàbá òun ò rójú débẹ̀ mọ́, òun alára ò rójú débẹ̀."

"Ó sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ?"

"Ó sọ ọ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Warnku. Àwọn ọkùnrin méjì láti Yilarra ni wọ́n fi ọ̀kọ̀ pa màlúù òyìnbó kan. Àwọn ọlọ́pàá mú ìyàwó Atọpasẹ̀, ọmọ Yilarra náà ni, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ igi, wọ́n ní bí ọkọ rẹ̀ kò bá mú àwọn débẹ̀, kò ní fojú kàn án mọ́. Ọkùnrin náà rò pé àwọn méjì yẹn ni wọn yóò mú. Ó mú wọn yọ́ lọ láti ẹ̀yìn òkìtì yanrìn, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí àwọn àna rẹ̀ ṣì ń sùn sí etí omi Yilarra. Wọn kò mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n yìnbọn títí ohun gbogbo fi dákẹ́, wọ́n sì kó òkú jọ, wọ́n sun ún. Ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ló yè, tí ó sá wọ abẹ́ koríko ẹlẹ́gùn-ún. Ọmọ náà ló bí Ìyá Dulcie.

"O fẹ́ lọ bẹ àwọn tó kú síbẹ̀?" Ìyá Dulcie bi í.

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sì fẹ́ rí ibi tí mo ti wá."

"Ibì kan náà ni méjèèjì. O ò rí i bí ayé ṣe rí?"

Lindsay nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ iléèwé létí òkun lọ́hùn-ún. Kò sí ibùdókọ̀ kankan lọ́nà ibi tí ẹ̀ ń lọ yìí o."

Elroy rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Bá mi lọ, àbúrò. Ìwọ mọ ọ̀nà."

"Èmi? Kí àwọn ará ibẹ̀ lè sọ pé èmi ni mo júwe ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí? Ẹ má bínú."

"Òun nìkan ni yóò lọ," ni Ìyá Dulcie wí. "Bàbá ìyá ẹ kó èrò lọ, ó kó ìbọn lọ. Ìwọ, lọ lọ́wọ́ òfìfo. Tó o bá ti rí òkìtì yanrìn tó ga jù, máa pariwo. Sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Má yọ́ lọ bá wọn o. Wọ́n ti rí ẹni tó yọ́ wá rí."

"Omi ńkọ́? Ṣé omi ṣì wà níbẹ̀?"

Lindsay gbójú sókè láti inú ẹ́ńjìnnì, ó wo ìyá rẹ̀.

"Yilarra kì í gbẹ," ni Ìyá Dulcie dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí ife tíì rẹ̀. Lindsay tún orí bọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà ọkọ̀ parí níbi tí àwọn kan ti gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àlùmọ́nì rí, tí wọ́n fi irin ìpàǹtí sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Elroy fi mọ́tò sí. Kẹ́ẹ̀gì omi ńlá rẹ̀ wúwo, ó sì rò ó pé kí ló dé tí òun yóò máa ru omi lọ sídìí omi. Ó fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò, ó gbé kékeré dání, ó fi ṣọ́bìrì àti okùn kọ́ èjìká, torí wọ́n ní ẹni bá lọ síbi omi àtijọ́ gbọ́dọ̀ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá tí Ìyá Dulcie júwe fún un.

Oòrùn ń lọ sókè. Yanrìn pupa tẹ́ lọ títí, ó ga, ó rẹlẹ̀, ó tún ga. Ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ kéékèèké nínú koríko. Nígbà tó yá, kò gbọ́ wọn mọ́. Kannakánná méjì ló ń bá a lọ. Wọn kì í ké. Wọn yóò fò síwájú, wọn yóò bà lé igi gbígbẹ, wọn yóò dúró dè é bí ẹni tó mọ ibi tí ó ń lọ.

Níbi tí ó ti jókòó sinmi ni ó ti wo ilẹ̀. Ajá igbó kan kọjá níbí lánàá, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Awọ́nrínwọ́n kan wọ́ ìrù gba ibẹ̀ kí oòrùn tó ràn. Agbo ràkúnmí kan lọ, wọ́n ń sáré, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Èyí tó ṣáájú ti dàgbà, ó ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé e kedere bí ẹni ń ka ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, orí títì ọlọ́dà ló gbé dàgbà. Nígbà tó yé e pé ipa ẹsẹ̀ ni òun ń kà bíi bàbá ìyá òun, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó dìde kíákíá, ó sì gbìyànjú láti máa wo ọ̀run nìkan. Ojú rẹ̀ kò gbà fún un. Ilẹ̀ ni ó ń fà á sí.

Ẹsẹ̀ ràkúnmí ni ó sì ń tẹ̀ lé títí tí ó fi gun òkìtì kan, tí ó dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀, tí ó yọjú wòye. Àfonífojì ńlá kan wà nísàlẹ̀, igi funfun bíi mélòó kan sì yí àárín rẹ̀ ká. Yilarra nìyẹn.

Ó rí ara rẹ̀ nígbà náà. Ó rí bí ó ṣe fi àyà lé ilẹ̀, tó rọra ń mí, tó fi orí pamọ́ sẹ́yìn koríko. Kò pariwo. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ti yọ́ wá bá wọn.

Atẹ́gùn yí padà lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́ lù ú lójú, ó sì gbé òórùn wá, òórùn òkú tó ti pẹ́. Elroy fi ẹ̀yìn yí sọ̀kalẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó sáré padà títí tí kò fi rí àwọn igi yẹn mọ́. Ó ti fẹ́ máa lọ sídìí mọ́tò. Kí ló máa wí fún wọn ní Warnku? Pé ó débẹ̀, ó sì sá?

Ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkìtì náà, ó ń rìn ní gbangba, ó ń pariwo.

"Èmi Elroy ni o! Obìnrin yín tí wọ́n so mọ́ igi ló bí ìyá mi! Ọkùnrin tó mú wọn wá bá yín ni bàbá ìyá mi! Mi ò gbé ìbọn! Èmi nìkan ni! Mò ń bọ̀ o, mò ń bọ̀!"

Ó ń sunkún, kò sì mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Báyìí ló sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi.

Ràkúnmí ló ń rùn. Mẹ́ta kú sí etí kòtò omi náà, ìkẹrin, èyí tó tóbi jù, kú sínú rẹ̀ gan-an, ó dí i pa. Nígbà tí Elroy fi ṣọ́bìrì wú ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ilẹ̀ dúdú jáde lábẹ́ ilẹ̀ pupa, eérú àtijọ́, àti àwọn ohun funfun wẹ́wẹ́ tí kò jẹ́ òkúta. Ó rọra da yanrìn padà sórí wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó wí ohun tí ó ní láti wí. Ó rò pé ara yóò fúyẹ́. Ara kò fúyẹ́.

Nígbà tó gbójú sókè, ìhà ìwọ̀ oòrùn ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ láti ilẹ̀ dé ọ̀run.

Ìjì náà bò ó mọ́lẹ̀ sí ìdí igi. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bo orí, ó ká jọ, yanrìn ń ya á lára. Ìjì kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú, kò dá nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ìgbà tó dákẹ́, oòrùn ti wà lókè, omi inú kẹ́ẹ̀gì kékeré náà sì ti tán. Ó gun òkìtì láti wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí yóò tọ̀ padà. Kò sí ẹsẹ̀ kankan. Ilẹ̀ ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó dán bí awọ ọmọ tuntun. Òkìtì gbogbo rí bákan náà. Ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀ lónìí, àwọn kannakánná yẹn nìkan ni yóò mọ ibi tó wà.

Ó padà sídìí òkú ràkúnmí. Bí kò bá mu omi Yilarra, kò sí omi mìíràn tí yóò mu.

Ó fi aṣọ di imú. Ó fi etí ṣọ́bìrì gé ẹran náà, ó fi okùn so ó, ó ń wọ́ ọ ní kélékèlé. Ó bì títí kò fi rí ohun tí yóò bì mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti wú lẹ́nu. Nígbà míì ó máa ń gbọ́ bí ẹni pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní èdè tí wọn kò jẹ́ kí ó gbọ́ ní kékeré. Kò wẹ̀yìn. "Mò ń ṣe é," ló ń wí ṣáá. "Ẹ ní sùúrù. Mò ń ṣe é." Nígbà tí ó rí àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, níbi tí ẹran náà kò dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ibẹ̀. Yanrìn gbígbẹ ni. Ó gbẹ́ ẹ títí apá rẹ̀ fi wọnú rẹ̀ dé èjìká. Ìka rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù.

Omi náà pọ́n, ó sì ń sun díẹ̀díẹ̀. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì sẹ́ ẹ, ó mu ún. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó tún mu. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún mú okùn.

Ẹnu iṣẹ́ ni ó wà tí ó fi gbọ́ ìró mọ́tò. Lindsay ló wà á gba orí yanrìn kọjá ibi tí ọ̀nà parí, ó ti tún un ṣe. Ìyá Dulcie sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àfonífojì, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró níwájú rẹ̀.

"O ṣì wà láyé," ó wí.

"Mo wà láyé, Ìyá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ wọ́ gbogbo èyí?" Lindsay fi apá bo imú. Kò dápàárá.

Ìyá Dulcie kò wo ràkúnmí rárá. "Mo mọ̀ pé ó ti kú sínú ẹ̀," ó ní. "Lindsay rí i nígbà tó wá ṣọdẹ. Mo mọ̀ pé ìjì ti ń bọ̀, orúnkún mi ti sọ fún mi. Mo ní Yilarra kì í gbẹ. Mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ibẹ̀ gba ẹ̀mí ẹ."

Elroy ń wé okùn mọ́ ọwọ́.

"Nígbà tí yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní ó tán, o ti san gbèsè bàbá ìyá ẹ. Oúnjẹ wá kọ̀, kò lọ lọ́fun mi. Ìyá tó bí ìyá ẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Wọ́n pa ọmọ ilé yìí lọ bẹẹrẹ, èmi àgbàlagbà tún ń wá bí mo ṣe máa pa ọ̀kan nínú àwa tó kù." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí mọ́tò. "Tó o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Lindsay á gbé ẹ dé ìdí mọ́tò ẹ. Má padà wá mọ́, mi ò ní bínú."

Inú bí Elroy débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó rántí ahọ́n rẹ̀ lẹ́nu, bí igi. Ó wo mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mélòó péré ni. Lẹ́yìn náà ó wo kòtò tó fọwọ́ gbẹ́, níbi tí omi pupa náà ti ga díẹ̀ sí i láti ìgbà tó ti mu ún.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì há bí ti ẹlòmíràn, "àyà ràkúnmí náà ṣì kù nísàlẹ̀. Mo ti so ó. Agbára mi ò gbé e."

Lindsay na ọwọ́ láti gba okùn. Elroy kò fún un. Ìyá arúgbó náà ni ó na án sí.

Ìyá Dulcie wo okùn náà tí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ti bò. Ó wá ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Lindsay, fi ẹ̀yìn mọ́tò wá, ká so orí okùn yìí mọ́ ọn," ó wí. "Kó o sì rọra fà o. Àwa méjì la wà lẹ́yìn ẹ tí à ń tọ́ ọ."

Okùn náà le koko. Òkú ẹran náà mì nínú kòtò, ó gbéra, òórùn rẹ̀ sì kọ lù wọ́n. Kò sí èyí nínú wọn tó gbójú kúrò.