Ọṣẹ Ọ̀fẹ́ Lẹ́yìn Rélùwéè

Èmi ni mo pè wọ́n. Kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: èmi Ìyá Jímọ̀, ẹlẹ́nu bí fèrè ọkọ̀ ojú irin, ni mo dúró létí odò ẹ̀yìn rélùwéè tí mo ń pariwo pé, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wá o! Ọlọ́hun ti da ọṣẹ sódò!"

Ọdún ẹsẹ́ńkò ni, 1984, tí ìjọba ń wọn ọjà tà fún wa, tí à ń tò láti àárọ̀ nítorí ọṣẹ kan ṣoṣo. Ẹ̀rùn ni, kànga ilé wa ti gbẹ, odò yẹn nìkan là ń pọn. Mo débẹ̀, mo bá a tó ń hó yàà, ó funfun bí òwú. Lókè odò ni lọ́rì ilé-iṣẹ́ kan ti da àwọn àgbá dúdú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan ti bẹ́, ohun inú rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ya agbárí èèyàn sára àgbá náà, eyín síta.

Mo ní, "Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ó mà rù o!"

A rẹ́rìn-ín títí.

Asiata, abiyamọ tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, kò kọ́kọ́ fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ìyá Jímọ̀, òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú."

"Ọṣẹ òyìnbó ni, ará oko! Kó aṣọ ọmọ rẹ wá."

Ó kó o wá.

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìdí ti ń ta mí bí ẹni jókòó lé ata. Pátá ni mo fọ̀ jù nínú omi náà, ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín! Mò ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe Asiata. Tàjùdéèn, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́ta, ti bó láti ọrùn dé itan, bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń kun ún lóògùn, ó ń bínú. "Ta ló ní kí ẹ fọ aṣọ ọmọ ìkókó nínú irú omi yẹn?"

Mo la ẹnu ńlá mi yìí, ohùn ò jáde.

Asiata tẹrí ba. "Èmi ni, Mà. Èmi ni mi ò gbọ́n."

Nọ́ọ̀sì ní ọmọ á yè, bí a bá ń fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Bí a ṣe jáde, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Asiata fi ọwọ́ kan fà mí dìde, ó fi èkejì gbá Tàjùdéèn mọ́ra.

"Ẹ dìde, Ìyá Jímọ̀. Omi wo la fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ báyìí?"