Wọ́n Fẹ́ Fi Àwo Ṣọjí Jẹ Èèpo Iṣu

Ẹ gbé sípánà sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án Sátidé fún yín. Mo ti lo oògùn ibà, mo na gbalaja sórí àga gígùn ní pálọ̀, oorun sì ti ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kó gbogbo àwo yẹn lọ jàre. Àyè lásán ni wọ́n ń gbà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àwo, àwo orin ni etí tèmi ń gbọ́. Mo ní mẹ́rìnléláàádọ́rin nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, híp-họ́ọ̀pù ni gbogbo wọn, irú èyí tí rédíò kì í lù, tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe nínú yàrá wọn, tí a ń pè ní orin abẹ́lẹ̀. Ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀ tó, mo sì ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́ láyé. Ọmọkùnrin kan ní Ìlaró tó ń jẹ́ Ṣọjí Abẹ́-Àtẹ̀gùn ló ṣe é, ọgbọ̀n ẹyọ péré ló sì tẹ̀ jáde. Bíìtì lásán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò ráàpù níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ìparí orin kẹta. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gbohùn sílẹ̀, ó ké láti ilé ìdáná pé, "Ṣọjí, wá jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù."

Nígbà tí ìyá tèmi kú, àwọn tó wá kí mi sọ̀rọ̀ títí, ó wá dà bíi pé kí n di etí. N kò lè gbọ́ orin kankan tó lọ́rọ̀ nínú. Àwo yẹn nìkan ni mo ń lù, nítorí ó fi àyè sílẹ̀ fún mi láti sunkún. Bó bá wá dé òpin orin kẹta, tí obìnrin yẹn pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jẹun, èmi náà á dìde, màá lọ jẹun. Bí mo ṣe ń jẹun ní gbogbo oṣù yẹn nìyẹn. Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí mo gbọ́ "gbogbo àwo yẹn". Mo fẹ́ dìde, oògùn ibà kò jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti sọdá sínú àlá.

Fíríìjì Àlùhájà Sàlámì, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa láti oṣù tó kọjá, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi. Ó wúkọ́, ó ní wọ́n ti kó àwọn àwo mi lọ sí Ọ́fíìsì Àwo, pé kí n wọ inú òun kí òun gbé mi lọ kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Mo ní ṣebí gáàsì rẹ̀ ti jò tán. Ó ní ìyẹn di ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ, mo wọlé, mo jókòó sáàárín tòmátì àti omi tútù, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kí iná inú rẹ̀ tó kú, a ti débẹ̀.

Orí afẹ́fẹ́ ni ọ́fíìsì náà wà, lókè odò Ògùn. Wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Èkó. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan jókòó ti abọ́ ọṣẹ ńlá, ó ń fi kànrìnkàn fọ àwọn àwo mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó bi mí pé kí ni mo fi wọ́n ṣe, òun ti fọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlà ara rẹ̀ kò lọ. Mo ní inú ìlà yẹn ni orin wà. Ó ní ó ti jóná mọ́ ọn nìyẹn, kí n máa rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná.

Mo kọjá lọ bá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà. Àwo Ṣọjí ló wà níwájú rẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n sọ ohun tí mo máa ń jẹ nínú rẹ̀. Mo ní n kì í jẹ nǹkan kan, bíìtì lásán ló wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "àwo òfo". Bó ṣe ń kọ ọ́ ni ìwo ń hù lórí rẹ̀, irùngbọ̀n sì ń gùn. Ó tọrọ àforíjì, ó ní bí aago mẹ́ta àbọ̀ bá ti lù, ewúrẹ́ lòun máa ń dà, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gba òun síṣẹ́. Mo ní kò séwu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ó ní òfin sọ pé àwo tí kò bá ní oúnjẹ nínú, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní oúnjẹ. Òun alára ní èèpo iṣu, kò sì ní àwo. Ó fa páálí àwo náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní orin abẹ́lẹ̀ ni. Ó ní bó bá jẹ́ abẹ́lẹ̀ ni, kí n lọ pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wá jẹ́rìí pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó tẹ aago orí tábìlì, ilẹ̀ là, mo sì já sísàlẹ̀. Kò dùn mí púpọ̀.

Àtẹ̀gùn kan ni mo bá níbẹ̀, Ṣọjí jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì. Ìyá rẹ̀ ń pè é lókè, Ṣọjí ń dá a lóhùn pé ó ku bíìtì kan. Mo sọ fún un pé wọ́n ní òfo ni àwo rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi jẹ èèpo iṣu. Kò bínú.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ yọ ohùn màmá mi kúrò nínú ẹ̀ nígbà yẹn o. Ojú ń tì mí."

Mo ní, "O ò mọ oore tí o ṣe mí tí o ò yọ ọ́."

Ó na ṣíbí rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ lọ lù ú fún wọn. Ẹ ṣáà wá nǹkan tó bá ti ní ẹnu ṣóńṣó."

Mo gun àtẹ̀gùn náà, ó gbé mi padà sí ọ́fíìsì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti di ewúrẹ́, àfi obìnrin tó ń fọ àwo, torí wọn kò tíì fún un níwèé ìgbàṣíṣẹ́. Èèpo iṣu ti kún orí àwo Ṣọjí. Àwo náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé kí n ṣe kíá, ara ń yún òun. Mo gbá èèpo náà dànù, mo dojú fáànù orí tábìlì kọ òkè, mo gbé àwo lé e, mo tẹ fáànù sí nọ́ńbà kan, ó ń yí. Ó wá ku abẹ́rẹ́. Mo wo ìwo Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹrí ba díẹ̀."

Ó ní láti ọjọ́ tóun ti wọ iṣẹ́ ọba, kò sẹ́ni tó fi pẹ̀lẹ́tù bẹ òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹrí ba, ìwo rẹ̀ kan ìlà, bíìtì sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, bí àwa náà ṣe máa ń mi tiwa bí bíìtì bá wọra. Akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní òun kò tíì rí oúnjẹ o. Ibẹ̀ ni orin kẹta parí, tí ohùn obìnrin jáde lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ṣọjí, wá jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù."

Obìnrin tó ń fọ àwo ní, "Ọ̀gá, oúnjẹ mà wà níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà ronú, ó fi pátákò pa "òfo" rẹ́, ó tún fi pátákò kan náà lu òǹtẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Obìnrin náà fi etí ìró rẹ̀ nu àwo náà gbẹ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi níwájú ewúrẹ́ bíi méjìlá. Ohùn yẹn tún pè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Ṣọjí ló ń pè.

"Bàbá Fìkáyọ̀, ẹ wá jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù."

Mo la ojú, ìyàwó mi ló ń pè, ṣùgbọ́n yàrá ni mo gbà lọ. Páálí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣọjí wà lókè pátápátá, kò sí ọṣẹ lára rẹ̀, ewúrẹ́ kò fẹnu kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jáde, mo bi ìyàwó mi pé àwo wo ló kó fún ènìyàn. Ó ní àwo tánganran ìgbéyàwó wa ni, Títílọpẹ́ àbúrò òun tó kó lọ sílé tuntun ni òun kó o fún, ṣebí òun ti sọ fún mi láàárọ̀, mo sì ní "hùn-ún". Ó ní òun rò pé Títílọpẹ́ á ṣẹ́ méjì kù, ṣùgbọ́n òun lòun fẹnu ara òun sọ pé gbogbo rẹ̀.

Kò wá sí àwo kan nílé. Orí ìdérí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá mi sí. Ọwọ́ ìdérí ló wà nísàlẹ̀, nítorí náà, bí mo bá ti bu òkèlè, á yí. Mo bu, ó yí. Mo tún bu, ó tún yí.

Ìyàwó mi ní, "Kí lẹ wá ń mi orí sí?"

Mo ní ọbẹ̀ náà ló dùn.